Ìlú tí Ìdànrè fi sílẹ̀ lókè

Àárín irin àti ariwo ni àwa ọ̀rẹ́ márùn-ún ti mọ ara wa. Sángò-Ọ̀tà ni, níbi tí ọ̀nà Ìdìròkò ti ya kúrò lára ọ̀nà Abẹ́òkúta, tí àwọn kọ̀ńdọ́kítọ̀ ti ń pe Ìyánà-Ìpájà àti Òṣòdì lábẹ́ bíríìjì kí ilẹ̀ tó mọ́. Ọ̀kan nínú wa ń jó irin ní Jojú. Ọ̀gá Wẹ́dà ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ọ̀kan ń ṣiṣẹ́ òru ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń yọ́ àlòkù irin di irin ìkọ́lé. Ìyá Ìbejì jẹ́ nọ́ọ̀sì. Ẹni tó dàgbà jù nínú wa, Bàbá Àwórì, ọmọ onílẹ̀ ni ní Ọ̀tà. Èmi ni ìkarùn-ún.

Bàbá Àwórì ló mú ọ̀rọ̀ Òkè Ìdànrè wá, ìdí tó sì fi mú un wá kò ṣẹ̀yìn ìlú rẹ̀. Ọ̀tà ti wà tipẹ́ kí ilé iṣẹ́ tó dé. Ìlú Àwórì ni. Àwọn Ẹ̀gbá gbógun tì í ní àwọn ọdún 1840, wọ́n sì borí rẹ̀. Ó tún gbérí, ó rí míṣọ́nnárì, ó rí òyìnbó amúnisìn. Nígbà tí ìjọba dá Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀ ní ọjọ́ 3 oṣù kejì ọdún 1976, ọjọ́ kan náà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó tí Ìdànrè wà nínú rẹ̀ sílẹ̀, Ọ̀tà di ìloro Èkó, àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá sì rọ́ wọlé. Tí o bá bi Bàbá Àwórì lónìí níbi tí oko bàbá bàbá rẹ̀ wà, ògiri ilé ìkẹ́rù kan ni yóò nawọ́ sí. Ó ní òun fẹ́ fojú ara òun rí ìlú àtijọ́ tí ẹnikẹ́ni kò tíì kọ́ nǹkan mìíràn lé lórí.

A gba Ìbàdàn, Ifẹ̀ àti Iléṣà lọ sí Àkúrẹ́, a sì sùn síbẹ̀. Ìdànrè kò jìnnà sí Àkúrẹ́, nǹkan bí kìlómítà 24 ni. Ọ̀nà ń wọ inú igbó kòkó lọ díẹ̀díẹ̀. Ìgbà kíká kòkó ni, wọ́n sá a sórí tapólì àti sórí símẹ́ǹtì níwájú ilé, òórùn rẹ̀ tó kan díẹ̀ sì ń wọ inú ọkọ̀ bá wa. Lẹ́yìn náà ni àpáta yọ. Gbogbo wa la mọ Olúmọ ní Abẹ́òkúta, òkúta kan ṣoṣo tí ìlú yí ká. Ní Ìdànrè, àwọn àpáta ló yí ìlú ká. Wọ́n dúdú, wọ́n ń dán níbi tí omi òjò ti ń ṣàn sílẹ̀ lára wọn, orí àwọn kan sì wà nínú ìkùukùu ní aago mẹ́jọ àárọ̀. Akọ òkúta ni wọ́n, ọjọ́ orí wọn tó nǹkan bí mílíọ̀nù 500 ọdún, àwọn ìlà ńlá tó là wọ́n ló sì di àfonífojì láàrin òkè kan sí èkejì. Ibi tó ga jù lọ níbẹ̀ ga ju 900 mítà lọ láti ojú òkun.

Ní ẹnubodè, a san owó, wọ́n fún wa ní tíkẹ́ẹ̀tì àti ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí yóò mú wa lọ. Ọmọ Ìdànrè ni. Ó dọ̀bálẹ̀ kí Bàbá Àwórì, ó kí àwa yòókù, ó sì wo bàtà wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó bẹ Ìyá Ìbejì pé kó bọ́ sálúbàtà ẹsẹ̀ rẹ̀, kó wọ kánfáàsì tó wà nínú báàgì rẹ̀.

Àtẹ̀gùn tó ń lọ sókè lé ní 600. Símẹ́ǹtì ni wọ́n fi ṣe é, irin ìdìmú wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ibi ìsinmi márùn-ún sì wà lójú ọ̀nà tí ènìyàn ti lè jókòó. Ní ibi ìsinmi kejì, Ìyá Ìbejì di ọrùn ọwọ́ Bàbá Àwórì mú, ó wo aago rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó sì ní kí bàbá má tíì dìde. Ibẹ̀ ni bàbá ti bi ọmọ náà léèrè ọ̀rọ̀ tí mo rò pé òun ló ṣílẹ̀kùn gbogbo ohun tí a rí lọ́jọ́ náà.

"Ọmọ mi, oko ńkọ́? Ṣé orí àpáta yìí ni wọ́n ń gbin iṣu sí?"

"Rárá o, bàbá. Ìsàlẹ̀ ni oko wà. Ilé ló wà lókè."

Ẹ rò ó wò. Iṣu, epo, igi ìdáná, ẹran ìgbẹ́, gbogbo ohun tí ìlú odidi fi ń jẹun, orí ènìyàn ni wọ́n gbà gòkè. Kò sí símẹ́ǹtì nígbà náà, kò sí irin ìdìmú. Ara àpáta lásán ni, tí òjò bá sì rọ̀, ó ń yọ̀. Obìnrin tó lọ sóko láàárọ̀ yóò gun ohun tí a gùn yìí ní ìrọ̀lẹ́, pẹ̀lú ẹrù lórí àti ọmọ lẹ́yìn. Nígbà tí páànù dé ilẹ̀ Yorùbá, tí ààfin àti ilé ẹ̀kọ́ sì fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ewé àti koríko, orí àti èjìká náà ni páànù gbà dé òkè. Mo wo àtẹ̀gùn tó kù níwájú wa, mo sì fi báàgì mi kọ́ èjìká kejì.

Àlàáfíà ni wọ́n ń fi gbogbo wàhálà yẹn rà. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ní Ìdànrè ni pé láti Ifẹ̀ ni Olófin ti kó àwọn ènìyàn rẹ̀ wá, wọ́n sì rí i pé kò sí odi tí ọwọ́ ènìyàn lè mọ tó le tó èyí tí Ọlọ́run ti mọ sílẹ̀. Ilẹ̀ Yorùbá kò fara rọ fún ìgbà pípẹ́. Ogun ń lọ, ogun ń bọ̀, àwọn tó ń kó ẹrú ń ṣa ìlú lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá fẹ́ kó Ìdànrè gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gun òkúta níṣojú àwọn tó ń wò ó láti òkè. Nínú ohun tí Nàìjíríà kọ ránṣẹ́ sí àjọ UNESCO nípa ibẹ̀, wọ́n ní ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹgbẹ̀rún ọdún tí gbogbo ará Ìdànrè fi gbé orí àwọn àpáta náà.

Bí a ti gun àtẹ̀gùn tó gbẹ̀yìn tán, ilẹ̀ tẹ́. Èyí ya gbogbo wa lẹ́nu. Ohun tí a ti ń retí ni ṣóńṣó orí òkè, àfi bí a ṣe rí àyè gbalasa tí koríko hù sí, tí igi wà káàkiri, tí àwọn àpáta mìíràn sì dìde yí i ká. Ìlú wọ ibẹ̀ dáadáa. Kódà, a ti wà nínú ìlú kí a tó mọ̀ pé a ti dé. Àwọn òkìtì kéékèèké tí a ń tẹ̀ kọjá nínú koríko, ògiri ilé ni wọ́n jẹ́ tẹ́lẹ̀. Ọmọ náà fi igi ti koríko sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, a sì rí ìpìlẹ̀ yàrá kan, igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pé, kò sì ga ju orúnkún lọ.

Ilé tí a kọ́kọ́ wọ̀ ni ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, èyí tó jẹ́ àkọ́kọ́ ní Ìdànrè, tí wọ́n kọ́ ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ògiri alámọ̀ ni. Ọ̀gá Wẹ́dà fi ọwọ́ pa á, erùpẹ̀ pupa sì bá ọwọ́ rẹ̀ wá. Lẹ́yìn rẹ̀ ni kóòtù, tí wọ́n kọ́ ní 1906. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń dá ẹjọ́ nígbà tí àwọn òyìnbó ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìjọba nípasẹ̀ àwọn ọba. Ó jọ mí lójú gidigidi pé ìjọba tó ní ìbọn àti ọkọ̀ ojú irin náà gun òkè yìí wá bá àwọn ará Ìdànrè níbi tí wọ́n wà, tó sì fi amọ̀ wọn kọ́ ilé ẹjọ́. Ilé ìdáago wà nítòsí, tí wọ́n fi ń pe ìlú jọ.

Lẹ́yìn náà ni ààfin Ọwá, ọba Ìdànrè.

N kò ní lè sọ ohun gbogbo nípa rẹ̀ tán. Ààfin náà kò ga, òrùlé rẹ̀ sì sọ̀ kalẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn ní láti tẹrí ba kó tó wọlé, bóyá ìyẹn gan-an ni àwọn tó kọ́ ọ ní lọ́kàn. Nínú lọ́hùn-ún, àgbàlá tẹ̀ lé àgbàlá. Òpó gbígbẹ́ ló gbé òrùlé wọn dúró, ère ènìyàn lára igi, olúkúlùkù pẹ̀lú ojú tirẹ̀. Ojúmọ́ ń gba àárín àgbàlá wọlé, ó ń tan ìmọ́lẹ̀ sí ara àwọn òpó náà láti ẹ̀gbẹ́ kan. Ọmọ náà sọ ohùn rẹ̀ kalẹ̀. Ó fi ibi tí Ọwá ń jókòó hàn wá, ó fi ibi tí àwọn ìjòyè ń jókòó hàn wá, ó sì sọ ibi tí àlejò kò gbọdọ̀ dé. A kò dé ibẹ̀.

Bàbá Àwórì ló tún béèrè. Ó fi ọ̀pá rẹ̀ kan ìsàlẹ̀ ògiri, ó ní, "Gbogbo ilé yòókù ti wó. Ilé ẹ̀kọ́ ń gbọ̀n. Kí ló dé tí èyí fi ń dúró?"

"Bàbá, nítorí pé Ọwá ṣì ń wá síbí ni. Tí àkókò ọdún Iden bá tó, Kábíyèsí gbọ́dọ̀ gòkè wá. Adé àtijọ́ wà tí wọ́n ń dé, tí a gbà pé láti ọ̀dọ̀ Odùduwà ni. A kò lè jẹ́ kí òjò pa ọba."

Láti ìgbà náà ni mo ti ń wo ohun gbogbo lórí òkè yẹn pẹ̀lú ìdáhùn ọmọ náà. Láàrin àwọn ọdún 1920 sí ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1930 ni àwọn ará Ìdànrè sọ̀ kalẹ̀ sí ibi tí wọ́n wà báyìí. Ogun ti parí. Kòkó ti di owó, oko kòkó sì wà nísàlẹ̀. Ọ̀nà mọ́tò ń bọ̀ nísàlẹ̀. Kò sí ìdí tí ènìyàn yóò fi máa ru àpò kòkó gòkè kó tún rù ú sọ̀ kalẹ̀ lọ tà. Wọ́n kó ọmọ, wọ́n kó ẹrù, wọ́n kó ọjà àti ilé ẹ̀kọ́ lọ. Ṣùgbọ́n àwọn iṣẹ́ kan wà tí kò ṣeé kó. Ibojì àwọn ọba àtijọ́ wà lókè. Orósùn wà lókè, òun ni òkè tí wọ́n ń bọ lọ́dọọdún nínú oṣù karùn-ún. Ibi adé wà lókè. Ilé tí iṣẹ́ ṣì wà fún, wọ́n ń tún un ṣe. Ilé tí iṣẹ́ rẹ̀ ti sọ̀ kalẹ̀ bá àwọn ènìyàn, ó ń yọ́ padà di ilẹ̀.

Ẹni tó bá mọ ilé amọ̀ mọ̀ pé bó ṣe ń rí nìyẹn. Wọ́n ń mọ ògiri rẹ̀ ní ìpele-ìpele, wọ́n ń jẹ́ kí ọ̀kan gbẹ kí wọ́n tó gbé òmíràn lé e. Tí òrùlé bá bò ó, tí wọ́n sì ń rẹ́ ẹ lóòrè-kóòrè, ó lè dúró fún ọgọ́rùn-ún ọdún. Jẹ́ kí páànù kan ṣí, omi yóò wọ orí ògiri, yóò la á láti òkè. Ọ̀gbàrá yóò sì máa jẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ nísàlẹ̀. Òjò ọdún mélòó kan tó láti sọ yàrá di òkìtì. Ní Djenné, ní orílẹ̀-èdè Mali, mọ́ṣáláṣí amọ̀ ńlá kan wà tí wọ́n tún kọ́ ní 1907, ọdún kan péré lẹ́yìn tí wọ́n kọ́ kóòtù Ìdànrè. Ó dúró digbí títí dòní, gbogbo ayé ló sì mọ̀ ọ́n. Ohun tó gbé e ró ni pé lọ́dọọdún, gbogbo ìlú ń jáde pẹ̀lú amọ̀ nínú agbọ̀n, tọmọdé tàgbà, wọ́n ń rẹ́ ẹ láti orí dé ẹsẹ̀. Wọ́n ṣì ń kírun níbẹ̀.

A kúrò ní ààfin, a ń lọ síwájú. Ọ̀nà tún di àpáta. Ipa ẹsẹ̀ tí wọ́n ń pè ní ti Agbóògùn wà níbẹ̀, ihò tó rí bí àtẹ́lẹsẹ̀ nínú òkúta líle, wọ́n sì ní ó ń gba ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni, ọmọdé tàbí àgbà, àyàfi àjẹ́. Gbogbo wa la ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Ó gba gbogbo wa. Omi Apáàrá tún wà, tí wọ́n ń so mọ́ àrá, tí àwọn mìíràn sì ń bù mu fún ìwòsàn. Ìyá Ìbejì wo omi náà fún ìgbà pípẹ́, ó fi fọ ojú, kò mu ún.

Ibi tí omi ti ń sun lára òkúta lẹ́bàá ibẹ̀ ni ọmọ náà ti ní kí a bẹ̀rẹ̀ wò dáadáa. Ọ̀pọ̀lọ́ kan wà tó jẹ́ pé, ní gbogbo ayé, Òkè Ìdànrè nìkan ni wọ́n tíì mọ̀ ọ́n sí. Arne Schiøtz, onímọ̀ ẹranko láti ilẹ̀ Denmark, ló kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1963. Lẹ́yìn náà, àwọn onímọ̀ kò rí i mọ́ fún nǹkan bí àádọ́ta ọdún, wọ́n sì ti ń bẹ̀rù pé ó ti run, kí àwọn olùwádìí tó tún bá a pàdé ní 2013. Àwọn ọmọ rẹ̀ kì í gbé inú adágún bíi ti ọ̀pọ̀lọ́ yòókù. Ara òkúta tí omi ń rin ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́ títí wọ́n fi ń dàgbà. A kò rí i lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí a ti gbọ́, olúkúlùkù wa ń wo ilẹ̀ kó tó gbé ẹsẹ̀. Inú mi dùn sí i pé ọmọ náà mọ̀ nípa rẹ̀, ó sì fi í kún ohun tó yẹ kí àlejò mọ̀, pẹ̀lú ààfin àti adé.

Ọ̀rẹ́ wa tó ń yọ́ irin kò sọ̀rọ̀ púpọ̀ láti àárọ̀. Nígbà tí a jókòó jẹun lórí àpáta kan tí a ti ń wo gbogbo Ìdànrè òní nísàlẹ̀, páànù lórí páànù, ó béèrè bóyá òótọ́ ni pé Wọlé Ṣóyínká kọ ewì nípa òkè yìí. Òótọ́ ni. Ní 1967 ni ìwé náà jáde, orúkọ Ìdànrè ló wà lẹ́yìn rẹ̀, Ògún sì ni olórí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Ọmọ Abẹ́òkúta, láti ìpínlẹ̀ tiwa, ló gun òkè yìí tó sì rí Ògún níbẹ̀. Ọ̀rẹ́ wa mi orí. Ó ní òun tí òun ń dúró níwájú iná irin lálaalẹ́, ó yẹ kí òun ti wá tipẹ́.

Láti ọdún 2007 ni Òkè Ìdànrè ti wà nínú ìwé àwọn ibi tí Nàìjíríà fẹ́ kí UNESCO kà mọ́ ogún gbogbo ayé. Ó ṣì wà nínú ìwé ìdúródè náà. Méjì péré ni Nàìjíríà ní tó ti wọlé: Sukur ní Ìpínlẹ̀ Adamawa ní 1999, àti Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo ní 2005. Sukur náà, ààfin orí òkè ni. Ọba wọn tí wọ́n ń pè ní Hidi ṣì wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n kà á mọ́ ogún ayé, àwọn ènìyàn ṣì ń gbé lórí òkè náà. Ní Òṣogbo ẹ̀wẹ̀, gbogbo wa mọ èrò tó ń wọ́ tẹ̀ lé Arugbá, ọmọbìnrin tó ń ru igbá ẹbọ, lọ sí odò nígbà ọdún Ọ̀ṣun. Ibi méjèèjì ṣì ń ṣiṣẹ́ tí wọ́n dá wọn sílẹ̀ fún.

Nítorí náà ni mo ṣe rò pé ilé ẹ̀kọ́ àti kóòtù Ìdànrè nílò iṣẹ́ ju bí wọ́n ṣe nílò símẹ́ǹtì lọ. Símẹ́ǹtì kì í bá amọ̀ rẹ́. Bí wọ́n bá rẹ́ ẹ mọ́ ògiri amọ̀, ó ń sé omi mọ́ inú rẹ̀. Kí àwọn ọmọ iléèwé Ìdànrè máa gòkè wá jókòó nínú ilé ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ yẹn ní ìgbà kọ̀ọ̀kan nínú ọdún, kí wọ́n kọ́ ìtàn ìlú wọn níbẹ̀. Kí àwọn àgbà máa parí ìjà nínú kóòtù náà. Kí owó tíkẹ́ẹ̀tì tí àwa àlejò ń san wá ẹni tó ṣì mọ bí wọ́n ṣe ń po amọ̀, kó sì kọ́ ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ náà kó tó re ibi àgbà ń rè. Mo sọ èyí fún Bàbá Àwórì. Ó ní ohun tó jẹ́ kí ààfin Ọlọ́tà wà ní Ọ̀tà láàrin gbogbo ilé iṣẹ́ yẹn náà nìyẹn: Ọlọ́tà ṣì ń jókòó níbẹ̀, wọ́n ṣì ń gbé ẹjọ́ ilẹ̀ wá síwájú rẹ̀. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní nǹkan mìíràn wà ní Ọ̀tà tí òun fẹ́ lọ béèrè nípa rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn àgbà ilé tó kù, kí wọ́n tó fi búldósà kàn án.

Ìsọ̀kalẹ̀ nira fún orúnkún ju gígùn lọ. Ní àárín méjì, Ọ̀gá Wẹ́dà dúró, a rò pé ẹsẹ̀ ló ń dùn ún. Irin ìdìmú kan ló di mú tó sì mì. Ìpẹtà ti jẹ ìdí irin náà. Ó kúnlẹ̀, ó fi ìka wọ̀n ọ́n, ó ka iye òpó tó wà láàrin ibẹ̀ àti ibi tó tún le. Ó bi ọmọ náà ta ni ẹni tí ènìyàn lè bá sọ̀rọ̀ bí ó bá fẹ́ wá ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Ọmọ náà fún un ní nọ́ńbà fóònù. Ọ̀rẹ́ wa tó ń yọ́ irin ní òun mọ ibi tí òun ti lè rí páìpù ní owó pọ́ọ́kú.

"Iná ńkọ́?" Ìyá Ìbejì ló béèrè bẹ́ẹ̀. "Níbo lẹ máa ki wáyà ẹ̀rọ ìjórin bọ̀ láàrin òkè?"

"Jẹnẹrétọ̀ ni," Ọ̀gá Wẹ́dà dáhùn. "A máa rù ú."

Bàbá Àwórì wo àtẹ̀gùn tí a ti sọ̀ kalẹ̀, ó sì ní kí wọ́n má gbàgbé láti wá òṣùká tó nípọn.